Ààbò ara kì í ṣe ti kòkòrò àrùn nìkan

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ojú ewé ìlera yín sọ pé kòkòrò àrùn nìkan ni ètò ààbò ara wà fún, àti pé bó bá ṣe lágbára tó ló ṣe dára tó. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ ìdajì yòókù, torí àwọn aboyún náà ń kà yín.

Nígbà tí ọmọ bá wà ní kékeré, ìsopọ̀ àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ máa ń pọ̀ ju èyí tí yóò lò lọ. Àwọn kan gbọ́dọ̀ kúrò kí ìyókù tó ráyè, bí àgbẹ̀ ṣe ń fa ọ̀gbìn tó bá fún pọ̀. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ, Beth Stevens, Ben Barres àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ní Amẹ́ríkà fi hàn pé C1q àti C3 wà nídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn purotéènì tó máa ń lẹ̀ mọ́ kòkòrò àrùn lára, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹkòkòrò lè rí i gbé mì, ni wọ́n o! Lọ́dún 2012, àwọn olùwádìí rí microglia, sẹ́ẹ̀lì ààbò tó ń ṣọ́ ọpọlọ, níbi tó ti ń gbé ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ mì nínú ọpọlọ ọmọ eku. Eku tí kò bá ní C1q tàbí C3 ńkọ́? Okùn ìríran ojú ọ̀tún àti ti òsì á wọnú ara wọn, níbi tó yẹ kí kálukú ti ní ààyè tirẹ̀.

Àpọ̀jù náà ní ewu. Ìwádìí ọdún 2016 fi hàn pé ewu schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó ń da ìrònú èèyàn rú, ga díẹ̀ sí i fún àwọn tó jogún irú àbùdá tó ń mú kí C4, ẹbí C3, pọ̀ nínú ọpọlọ. Bákan náà, nínú ìwádìí mìíràn, àwọn olùwádìí gún eku tó lóyún ní abẹ́rẹ́ interleukin-6, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà àìsàn, lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà táwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, ìṣesí wọn yàtọ̀.

Kí aboyún kankan má tìtorí èyí sá fún àjẹsára o. Àìsàn líle tó ń ru ara sókè gan-an ni àjẹsára ń dènà.

Ṣùgbọ́n ìpolówó oògùn "tó ń fún ààbò ara lágbára" tó wà lábẹ́ àpilẹ̀kọ yín kò sọ èwo nínú àwọn èròjà yìí ló fẹ́ fi kún, tàbí ìwọ̀n tó fẹ́ fi kún un. Ẹ bi àwọn tó ni ín kí ẹ tó tún gbé e jáde.

Òǹkàwé yín