Ẹ̀sùn: Bí géèmù yín ṣe ń wá server ń dí router ilé pa

Sí Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́. A kọ̀wé sí yín pé tí ẹnìkan bá ti ń fi géèmù yín wá server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn ń so mọ́ láti jọ ta géèmù, router tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nílé wa kì í jẹ́ kí ojú ewé tuntun ṣí mọ́. Èsì tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kò kan ọ̀ràn tó wà nílẹ̀. Ẹ ní ká lọ ra íntánẹ́ẹ̀tì tó yá ju tiwa lọ. Ẹ̀bi íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ rárá.

Tí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnì ìwá-server, géèmù yín á gba àdírẹ́sì rẹpẹtẹ lọ́wọ́ master server tó ní àkọsílẹ̀ àwọn server, á sì fi ìsọfúnni kéékèèké tí wọ́n ń pè ní UDP ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pọ̀, kó lè mọ èyí tó ń tètè dáhùn. Báìtì 25 péré ni A2S_INFO, ìbéèrè tí ẹ fi ń mọ bí server ṣe wà. Ká fi header IP àti UDP, ìyẹn àkọlé tó ń gbé àdírẹ́sì rẹ̀, kún un, ó di 53. Irú rẹ̀ 3,000 kò tó 160 kílóbáìtì. Ibo ni ọ̀rọ̀ data ti wọ̀ ọ́?

Ìwé NAT, àkọsílẹ̀ kan tó wà nínú router, ló ń kún. Bí máígáàdì ṣe ń kọ orúkọ àlejò sílẹ̀ lẹ́nu géètì ni router ń kọ ìlà kan fún àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan tí a ránṣẹ́ sí, kí èsì tó bá dé lè rí ẹ̀rọ tó ni ín. Ìlà 2,048 ni router wa lè gbà. RFC 4787, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2007, sì ní kí router má pa ìlà UDP rẹ́ kí ìṣẹ́jú 2 tó pé. Server tó ti kú, tí kò ní dáhùn láéláé, náà ń gba àyè. Ohun tí router ń kọ sínú log, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i, rèé: «nf_conntrack: table full, dropping packet», ìyẹn ni pé ìwé ti kún, ó ń da ìsọfúnni nù.

Ìpè WhatsApp tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ kì í já, àmọ́ ojú ewé tuntun kankan kì í ṣí, torí ìbéèrè DNS, tó ń wá àdírẹ́sì ojú ewé, pàápàá fẹ́ ìlà tirẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa géèmù, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní yàrá kejì, ló ń jìyà. Tí a bá pa router tí a tún tàn án, ìwé á ṣófo, títí ẹnìkan á fi tún tẹ bọ́tìnì yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ya àwọn server sọ́tọ̀ ní agbègbè-agbègbè. Ẹni tó wà n'Ìbàdàn, kí ẹ bá a wo Johannesburg àti London ná. Kí ló fẹ́ fi Tokyo ṣe? Ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè ju 10 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan: 1,200 nìyẹn ní ìṣẹ́jú 2, àyè tó lé ní 800 á ṣì kù fún ará ilé. Ẹ sì yọ àwọn server tó ti kú kúrò.

A ń retí èsì lọ́wọ́ ẹni tó mọ bí géèmù náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kó sọ fún wa ẹ̀dà wo ni àtúnṣe yìí máa bá wọlé.

Àwa oníbàárà yín,
Ìbàdàn