Màmá Tí Àwọn Ọmọ Wa Mọ̀

Kẹ́mta,
Abẹ́òkúta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Gbogbo ilé ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ fún owó tí o fi ránṣẹ́ nígbà ìsìnkú Màmá, àti fún ẹkún tí o bá wa sun lórí fóònù. London jìnnà, kò sì sí ẹni tó bínú pé o kò lè wá. O ní kí n sọ fún ọ bí Màmá ṣe lo ọjọ́ alẹ́ wọn. Mo ti ń ronú sí i láti ìgbà náà, ohun tí mo sì rí ni pé Ìyá Aláró tí ìwọ mọ̀, tí àwa méjèèjì jọ ń sá fún, kọ́ ni ìyá àgbà tí àwọn ọmọ wa sin.

O rántí pé a kò gbọdọ̀ dé ìdí ìkòkò aró. Bí Màmá bá ti kó eérú sínú ìkòkò tí wọ́n dá lu nídìí, tí wọ́n gbé e ka orí èkejì, tí wọ́n sì ń da omi sí i kí ó máa kán sí ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀. Wọn a ti ìka bọ omi eérú náà, wọn a fi kan ahọ́n, wọn a sì mọ̀ bóyá ó ti mú tó èyí tí a lè rẹ ẹ̀lú, ewé aró, sí. Bí a bá bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí lẹ́nu, "Ẹ lọ kàwé yín" ni èsì. Owó aró yẹn ni wọ́n fi rán gbogbo wa níléèwé, wọn kò sì fẹ́ kí èékánná ẹnikẹ́ni nínú wa dúdú bíi tiwọn.

Àfi bí ọmọ mi obìnrin ṣe pé ọdún mẹ́fà, tí mo bá wọn lẹ́yìnkùlé lórí àpótí, ọmọ náà láàárín ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n ń kọ́ ọ bí a ṣe ń di Oṣù Bàmbà, ọnà àdìrẹ kan. Wọ́n fi ìka méjì gbé àárín aṣọ funfun náà sókè, wọ́n fi ìko yí i ká, wọ́n fà á le kí aró má baà ráyè wọlé, wọ́n sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, wọ́n tún dì í. Ó wá kan ọmọ, tirẹ̀ tú. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, gbogbo Kẹ́mta ni ì bá gbọ́ igbe wọn. Wọ́n ní, "Tún un dì, ìyá mi," nítorí ẹ̀yìn ikú ìyá wọn ni a bí ọmọ náà, Yétúndé sì ni a sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fa aṣọ náà jáde nínú aró, tí àwọ̀ ewé ara rẹ̀ ń di búlúù bí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, ọmọ pàtẹ́wọ́, Màmá náà pàtẹ́wọ́. Mo dúró sí ẹnu ọ̀nà, omi bọ́ lójú mi.

Ìtàn tí Màmá kò pa fún wa rí, wọ́n pa á fún àwọn ọmọ wa. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni mo ti gbọ́ pé ìyá Màmá wà lára àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí wọ́n ń pè ní Béèrè, kó lọ sí ààfin ní ọdún 1947 nítorí owó orí, ọ̀rọ̀ tó le títí tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè ní 1949. Màmá tẹ̀lé ìyá wọn lọ lọ́jọ́ kan nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn. Orin àwọn obìnrin náà kò kúrò létí wọn. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ kàmpálà ní Ìtòkú, tó ń fi abẹ́là àti sódà ṣiṣẹ́, mo rò pé wọn yóò bínú. Wọ́n kàn ní kí ó máa wọ ìbọ̀wọ́ kí sódà má jẹ ẹ́ lọ́wọ́ ni.

Èmi gbà pé wàhálà owó ilé ìwé ló jẹ́ kí wọ́n le mọ́ wa. Nígbà tí ẹrù náà kúrò lórí wọn ni ìwà wọn gan-an tó ráyè jáde, àwọn ọmọ wa ló sì jẹ àǹfààní rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé ojú mi rí i.

Wọn kò ṣàìsàn títí. Ojú oorun ni wọ́n gbà lọ, wọ́n sì ti lé lọ́gọ́rin ọdún dáadáa. Àwọn aládìrẹ ẹlẹgbẹ́ wọn wá láti Ìtòkú, àwọn ọmọ-ọmọ sì wọ aṣọ tí ọwọ́ Màmá fúnra rẹ̀ rẹ láró.

Wọ́n fi ìró kan sílẹ̀ fún ọ nínú àpótí, wọ́n ti dárúkọ rẹ sí i tipẹ́. Àbúrò mi yóò mú un bọ̀ nígbà tó bá ń padà sí London. Ìwọ nìkan ni kí o fọ̀ ọ́, nínú omi tútù, má pa á pọ̀ mọ́ aṣọ funfun, abẹ́ òjìji sì ni kí o sá a sí. Jọ̀wọ́, wá fọ́tò tí ìwọ àti Màmá jọ yà lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, kí o fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, nítorí tiwa ti bàjẹ́, Yétúndé sì fẹ́ gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.