Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni kí VA tó fèsì

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wa tó ti ṣe sójà fún Amẹ́ríkà, tí wọ́n fara pa tàbí kó àìsàn níbẹ̀, tí wọ́n sì ń béèrè owó àìlera lọ́wọ́ VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe sójà. Ọ̀pọ̀ ló ń sáré sanwó fún ẹni tí yóò bá wọn kọ ìbéèrè àkọ́kọ́. Nígbà tí VA bá wá kọ̀, ìgbà tí lọ́yà wúlò gan-an, wọ́n á káwọ́ gbera.

Òfin ò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbowó lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ títí VA yóò fi ṣèpinnu. Àwọn aṣojú American Legion, DAV àti VFW, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ sójà àtijọ́, ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Fọ́ọ̀mù 21-22 lẹ ó fi yàn wọ́n. Bí ìwé yín ò bá tíì pé, ẹ fi 21-0966, ìwé tó ń sọ fún VA pé ẹ fẹ́ béèrè, ránṣẹ́ ná, yóò di ọjọ́ tẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́ mú fún yín fún ọdún kan gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìbéèrè yín. Bí ẹnì kan bá pe ara rẹ̀ ní olùdámọ̀ràn, tó ní kẹ́ ẹ san ìlọ́po márùn-ún owó tí wọ́n bá fi kún owó oṣù yín, ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú àkójọ àwọn tí VA fọwọ́ sí, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ò bá sí níbẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan ìwé yín.

Bí lẹ́tà ìpinnu ò bá dára, ọdún kan lẹ ní, láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ já a. Tó bá kọjá, ẹ ṣì lè tún béèrè, àmọ́ owó ẹ̀yìn ti wọmi nìyẹn.

Lọ́yà tó mọṣẹ́ yóò gba fáìlì yín lọ́wọ́ VA kà. Ohun mẹ́ta ló ń wá: àìsàn tí dókítà ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, àti okùn tó so méjèèjì pọ̀. Okùn yẹn ló sábà máa ń já. Dókítà tó kọ "ó ṣeé ṣe" lásán ò tíì ṣe nǹkan kan. Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé, ó kéré tán, bó ṣe lè jẹ́ iṣẹ́ ológun ló fà á náà ló ṣe lè má jẹ́ òun, kó fi hàn pé òun ka àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín, kó sì sọ ìdí. Fọ́ọ̀mù 20-0995 lẹ ó fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí, torí ẹ̀rí tuntun ni. Àwọn kan á lọ kọ 20-0996, tó ń gbé fáìlì lọ síwájú ọ̀gá mìíràn ṣùgbọ́n tí kì í gba ẹ̀rí tuntun rárá; èsì kan náà ló máa bọ̀. Ẹ̀kẹta, 10182, ń lọ sọ́dọ̀ àwọn adájọ́ VA, ó sì máa ń pẹ́.

Ní ti owó, láti 1864 títí di 1988, $10 péré ni òfin ní kí lọ́yà gbà. Ta ló fẹ́ jókòó ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Lónìí, 20% owó àjẹsílẹ̀ ni òfin kà sí ohun tó bójú mu. Bí wọ́n bá jẹ yín ní $18,000, $3,600 ni ti lọ́yà, VA fúnra rẹ̀ sì lè yọ ọ́ fún un. Ohun tó bá ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ ti pọ̀ jù lójú òfin. Owó oṣù tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, kò kàn án.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí 21-22a, fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ ó fi yan lọ́yà, ẹ bi í pé ta ni yóò san owó lẹ́tà dókítà bí ẹ bá pàdánù. Ẹ mọ̀ pé fọ́ọ̀mù yẹn ń lé aṣojú ọ̀fẹ́ yín lọ, àti pé bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ lọ́yà, ti àkọ́kọ́ ṣì lè béèrè ìpín tirẹ̀. Ẹ bi í bóyá yóò bá yín dé kóòtù, torí 120 ọjọ́ péré lẹ ní lẹ́yìn tí àwọn adájọ́ VA bá kọ̀.

Ẹ̀yin Olóòtú náà, ẹ jọ̀ọ́: bí ẹnì kan bá gbé ìpolówó "a ó bá ọ gbowó VA" wá, ẹ yẹ orúkọ rẹ̀ wò nínú àkójọ yẹn kẹ́ ẹ tó gbà á.

Òǹkàwé yín kan