Òdo tó wà nínú rẹ́jísítà ọ́síbítù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Bí ọ̀rọ̀ ọtí àti aboyún bá dé ilẹ̀ ní Abuja níbí, ẹnìkan á ní wàhálà òyìnbó nìyẹn, pé obìnrin Òkè Ọya kì í mutí, pé ẹ lọ wo ìwé ọ́síbítù, kò sí ọmọ kankan tí wọ́n kọ àìsàn tí ọtí ìyá ń fà fún ọmọ inú sí. Ó lè má sí nínú ìwé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ló wá a tí kò rí i?

Fetal alcohol syndrome ni à ń sọ, FAS ní kúkúrú, èyí tó wà lára ohun tó le jù tí ọtí ìyá ń ṣe fún ọmọ inú. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè gbà lára ọmọ láti fi mọ̀ ọ́n. Ojú àti téèpù ni: ojú tí a fi ń ríran tó kúrú láti igun kan dé èkejì, kòtò àárín imú àti ètè òkè tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ètè òkè tó fẹ́lẹ́, ara tí kò dàgbà bíi ti ẹgbẹ́, orí kékeré tàbí ọpọlọ tí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Tí wọ́n bá ní orí kéré, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí a bá to ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ́ ọmọ náà jọ, ó wà láàárín mẹ́wàá tí orí wọn kéré jù.

Ẹ wá ṣí rẹ́jísítà ìgbẹ̀bí. Ìwọ̀n kílò sábà máa ń wà níbẹ̀. Àyè ìwọ̀n orí, bí wọ́n bá tilẹ̀ fa ìlà rẹ̀, òfìfo ló máa ń wà. Bí a bá ní ká ka gbogbo ọmọ tí kò tó kílò 2.5, a ó ka ìbejì mọ́ ọn, a ó ka ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, a ó ka ọmọ ẹni tí ibà bá jà nínú oyún. Bó bá sì jẹ́ Q86.0 nìkan la wá, ìyẹn kóòdù FAS nínú ICD-10, ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń to kóòdù àìsàn, òdo la ó bá. Ojú ọmọ tuntun pàápàá kì í tíì fi gbogbo nǹkan hàn. Láti bí ọdún méjì sókè ló ń hàn dáadáa. Àfi ká tẹ̀lé ọmọ dé ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, dé fáìlì dókítà ọmọdé, dé ilé ìwé.

Ibẹ̀ gan-an ni orúkọ ti ń dà á rú. Ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọmọ lórúkọ, rẹ́jísítà kò sì lè dúró de ìkómọ. “Ọmọ Sàlámì, ọkùnrin” ni wọ́n kọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Nígbà abẹ́rẹ́ ó ti di Abdulmalik Àkànní, orúkọ bàbá sì ti di Salam lọ́wọ́ akọ̀wé mìíràn. Nọ́ńbà káàdì ìyá, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà fóònù ló yẹ ká fi so wọ́n pọ̀. Ti Táíwò àti Kẹ́hìndé tún yàtọ̀: ìyá kan, ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà á ní ẹnìkan ṣoṣo ni. Kí akọ̀wé kọ 1 àti 2 sí wọn lára.

Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é. Ká ní ọ́síbítù rí ọmọ 40, ilé ìwé rí 30, 12 sì wà nínú méjèèjì. Nínú 30 tí ilé ìwé rí, 12 péré ni ọ́síbítù ti rí; bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún gbogbo ọmọ tó ní i, a lè fojú díwọ̀n iye gbogbo wọn: 40 lọ́nà 30, ká fi 12 pín in, 100 ni. Ọmọ 58 la rí, 42 ló kù tí ẹnikẹ́ni kò rí. Bí orúkọ bá dàrú tí a mọ 6 péré nínú 12 yẹn, ìṣirò á fò sí 200. Bó bá sì jẹ́ ọ́síbítù ló ń darí ọmọ sí ilé ìwé, tí àwọn tó wà nínú méjèèjì wá di 24, á já wálẹ̀ sí 50. Àwọn ọmọ kan náà ni o.

Ti ìyá ló kù. “Ṣé ẹ máa ń mutí?” “Rárá o.” Irọ́ kọ́ ló pa. Àgbo jẹ̀dí tó ń rà ní Nyanya, oògùn ló kà á sí, bẹ́ẹ̀ ògógóró ni wọ́n rẹ ẹ́ sí. Ìbéèrè tó dáa ni, “Kí ni wọ́n fi rẹ àgbo yẹn, omi ni àbí ọtí?” Ká tún bi í nípa àkókò tí kò tíì mọ̀ pé oyún ti dé, torí ọ̀pọ̀ ló ń pé oṣù mẹ́rin, márùn-ún, kó tó forúkọ sílẹ̀. Ká kọ iye rẹ̀ pẹ̀lú. Ìgò bíà 60cl tí agbára rẹ̀ jẹ́ 5% ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ògidì ọtí nínú, nígbà tó jẹ́ pé gíráàmù 10 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kà sí ẹyọ ọtí kan. Bùrùkùtù kò ní lébẹ́ẹ̀lì; ká kọ iye igbá àti bó ṣe tóbi tó.

Ní Amẹ́ríkà pàápàá, níbi tí fáìlì ti pé, ìpínlẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ti fi àkọsílẹ̀ wá FAS láàárín 1995 sí 1997 rí 0.3 sí 1.5 nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní 2018, tí wọ́n ti lọ wo ọmọ kíláàsì kìíní lójúkojú ní agbègbè mẹ́rin, rí nǹkan bíi 11 sí 50 nínú ẹgbẹ̀rún. Òótọ́ ni pé ìkejì ka gbogbo ìpalára ọtí, kò mọ sórí FAS, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò kéré.

Ká má gbàgbé iye tí a fi ń pín in, ìyẹn gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní agbègbè, kì í ṣe ti ọ́síbítù nìkan. NDHS ti 2018, ìyẹn ìwádìí ìjọba lórí iye ènìyàn àti ìlera ní Nàìjíríà, ní ìdá 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n bí sí ilé ìwòsàn. Àwọn ará Mararaba, tó jẹ́ Nasarawa, àti Suleja, tó jẹ́ Niger, sì ń wá bímọ sí Abuja. Ibi tí ìyá ń gbé ni ká fi kà á.

Ohun kan tó kù: kí nọ́ọ̀sì má kọ “ọtí” gàǹgà sórí káàdì tí obìnrin ń mú relé. Ọkọ á kà á, ìyá ọkọ á kà á, lọ́jọ́ mìíràn tí wọ́n bá tún bi í, “rárá” ni yóò máa sọ. Nọ́ńbà kan péré ni kó wà níbẹ̀, kí ìtumọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé tó ń gbé ọ́síbítù.

Àwa òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera kan,
Kubwa, Abuja.