Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: kí ẹ tó ní ká fi eSIM sí fóònù yín

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìyìn àti ní Ifàkì, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú àfaradà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ mí láti ìgbà tí mo ti ń ta káàdì lábẹ́ agboòrùn ní Òkèṣà lẹ sọ mí ní Ìyá Káàdì, orúkọ náà ò sì tíì kúrò lára mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káàdì tí à ń họ ò fi bẹ́ẹ̀ tà mọ́. Mo ní àlàyé kan láti ṣe lórí eSIM, ìyẹn síìmù tí kò ní ike tí à ń kì bọ fóònù. Ó gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ohun tó fà á nìyí. Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, màmá kan gbé fóònù wá láti Ìkẹ́rẹ́. Ọmọ wọn ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, iPhone 14, ó ń dán gbinrin. Wọ́n ti yọ síìmù wọn nínú fóònù olótọ́ọ̀ṣì, wọ́n wé e sínú ọ̀rá, wọ́n so ó mọ́ etí ìró. Mo mú abẹ́rẹ́ tí a fi ń ṣí ilé síìmù, mo yí fóònù náà síwá, mo yí i sẹ́yìn, n ò rí ihò kankan. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi tan iná sí i, òun náà ò rí nǹkan kan. Màmá wò wá títí, wọ́n ní: "Ìyá Káàdì, ibo ni wọ́n wá ń gbà fún un lóúnjẹ?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí. Èmi tí mo ti ń ta fóònù fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá ni n ò mọ̀ pé láti ọdún 2022, iPhone 14 tí wọ́n bá ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà kò ní ilé síìmù rárá. eSIM nìkan ló ń lò. Èyí tí wọ́n tà ní Ìlú Ọba ní ilé síìmù, orúkọ kan náà, àwọ̀ kan náà, ẹ ò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n yàtọ̀ bí ẹ ò bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti ta irú rẹ̀ kan ní tòkunbọ̀ fún tíṣà kan, láìtú u wò, láìṣàlàyé kankan. Ó gbé e padà wá, mo dá owó rẹ̀ padà. Mo sì tọrọ àforíjì, nítorí ẹ̀bi mi ni.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, mo kà á, mo béèrè, mo tún ṣe àṣìṣe mìíràn lórí rẹ̀, màá sọ ìyẹn náà. Síìmù ni eSIM, kò sí idán kankan níbẹ̀. Ṣíìpù kékeré kan ni wọ́n ti jó mọ́ inú fóònù láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Dípò kí ẹ ki ike bọ inú fóònù, fóònù fúnra rẹ̀ ni yóò fa láìnì yín wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí yóò sì kọ ọ́ sára ṣíìpù yẹn. Nọ́ńbà yín ò yí padà. Owó ìpè ò dín. Ó ti tó ẹni mẹ́ta tó bi mí bóyá eSIM kì í jẹ́ kí dátà tètè tán. Irọ́ ni o. Bí dátà ṣe ń sáré tán lórí ike náà ló ṣe ń sáré tán lórí èyí.

Kì í ṣe ohun tó dé lánàá náà. Ní ọdún 2020 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fún MTN àti 9mobile, tó ti di T2 báyìí, láàyè láti dán an wò ní Nàìjíríà, Airtel náà sì ti ń ṣe é. Ohun tó yí padà ni pé fóònù tòkunbọ̀ tí kò ní ihò ti ń pọ̀ lọ́jà, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ẹnu ọ̀nà gbogbo wa.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fóònù yín gbà á, ẹ tẹ *#06# bí ẹni fẹ́ pe èèyàn. IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, yóò jáde, ẹyọ 15. Bí ẹ bá tún rí ibi tí wọ́n kọ EID, nọ́ńbà ṣíìpù eSIM, sí, pẹ̀lú nọ́ńbà gbọọrọ ẹyọ 32, fóònù yín lè lo eSIM. iPhone bẹ̀rẹ̀ láti XR àti XS tó jáde ní ọdún 2018. Ọ̀pọ̀ Samsung Galaxy S láti S20 sókè wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ Pixel náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Tecno, Infinix àti itel tó wà lọ́wọ́ wa kò ní i, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun á fi sí i. iPhone tí wọ́n ṣe fún títà ní Ṣáínà tún yàtọ̀: ọ̀pọ̀ wọn ló ń gba ike méjì tí kò sì ní eSIM rárá. Mo mọ ẹnì kan tó ra irú rẹ̀ torí pé ó gbọ́ pé "iPhone 14 ń lo eSIM", ó wá ní ká fi sí i. Ibo la fẹ́ fi í sí?

Ohun kejì tí ẹ ní láti yẹ̀ wò ni títì. Fóònù tí wọ́n rà ní àsandíẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lókè òkun sábà máa ń wà ní títì mọ́ ilé-iṣẹ́ náà, eSIM ò sì lè ṣí i. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ General, ẹ tẹ About, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Carrier Lock sí. Bí wọ́n bá kọ No SIM restrictions síbẹ̀, ẹ sanwó. Bí wọ́n bá kọ ohun mìíràn, ẹ rọra gbé e padà sórí tábìlì ẹni tó ń tà á, títí kan tábìlì tèmi.

Àwọn kan wà tó máa ń gé ẹ̀gbẹ́ fóònù aláìníhò kí wọ́n lè jó ilé síìmù mọ́ ọn. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, a kì í ṣe é, a ò sì ní ṣe é. Fóònù tí wọ́n bá ti gé báyẹn, omi lè wọnú rẹ̀ nígbà tí òjò bá pa yín láti Basiri dé Fájúyì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe kejì. Ọmọ yunifásítì EKSU kan ra fóònù tuntun lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó ní kí n bá òun gbé eSIM òun kúrò lórí èyí tó ti ń lò. Ó mú ìwé tí wọ́n tẹ QR code sí dání, àwòrán onígun mẹ́rin tí kámẹ́rà fóònù ń kà láti fa eSIM wálẹ̀. Mo rò pé ìwé ti wà lọ́wọ́, kí ló kù? Mo kọ́kọ́ pa láìnì náà rẹ́ lórí fóònù àkọ́kọ́, mo wá gbé kámẹ́rà èkejì sí ìwé yẹn. Kò dáhùn. QR code yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sábà máa ń ṣiṣẹ́. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ti di àlòkù láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ lò ó. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti kọjá, wọ́n ti ti ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọmọ yẹn lo Sátidé àti Sọ́ńdè láìlè gba ìpè kankan, láìlè fi owó ránṣẹ́, torí kóòdù báńkì ò ríbi wọlé. Lọ́jọ́ Ajé, èmi àti ẹ̀ la jọ lọ, òun pẹ̀lú NIN rẹ̀, èmi pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán. Wọ́n fún un ní QR code tuntun. Bá a ṣe ní ká fà á wálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n mú iná, WiFi kú, ó dúró ní agbedeméjì. Ọpẹ́ ni pé nígbà tí a tan jẹnẹrétọ̀ tán, ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó dúró sí.

Nítorí náà, ẹ má pa eSIM rẹ́ lórí fóònù kan kí ẹ tó mọ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbé e gbà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò QR code yín kí ẹ tó lò ó. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi kámẹ́rà wò ó ló ni láìnì yín, kóòdù báńkì yín á sì máa bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Kódà bó jẹ́ èmi ni mo ní ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹ má fi ránṣẹ́.

eSIM ní ibi tó ti dáa ju ike lọ. Olè tó bá jí fóònù yín kò lè yọ eSIM kó fi sínú fóònù mìíràn, kó máa fi nọ́ńbà yín yá owó káàkiri. Ó sì ní ibi tí ike ti dáa jù. Gbogbo wa la mọ bí iná ṣe rí. Bí bátìrì bá kú níta, síìmù ike la máa ń yọ sínú fóònù ọ̀rẹ́ ká lè pe ilé. Ẹ ò lè ṣe ìyẹn pẹ̀lú eSIM. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, ẹni tí fóònù rẹ̀ ní ihò, tó sì jẹ́ fóònù kan ṣoṣo ló ní, kí ó fi láìnì tó fi ń ṣòwò sórí ike, kí ó fi èkejì ṣe eSIM. Màmá Ìkẹ́rẹ́ ò ní ihò, wọn ò sì ní yíyàn. A gbé láìnì wọn sórí eSIM, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ike àtijọ́ ò wúlò fún nǹkan kan mọ́, àmọ́ wọ́n ní a ò gbọdọ̀ jù ú nù. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá létí ìró.

Ọ̀rọ̀ tó ń gbé èrò wá sí ṣọ́ọ̀bù jù báyìí ni tàwọn ọmọ tó ń lọ sókè òkun. Ọmọ á parí ẹ̀kọ́, á gba físà, ìyá rẹ̀ á fà á lọ́wọ́ wá: "Bá mi fi síìmù Amẹ́ríkà tí owó rẹ̀ jẹ́ pọ́ọ́kú sí fóònù rẹ̀." Ó ṣeé ṣe. Èèyàn lè jókòó ní Adó kó ra eSIM àwọn ilé-iṣẹ́ pọ́ọ́kú ibẹ̀, kí QR code bá a nínú ímeèlì. Mint Mobile wà, Tello wà, Visible wà. Ní Ìlú Ọba, giffgaff ti wà láti ọdún 2009. Àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó mú kí owó wọn wálẹ̀.

Àwọn wọ̀nyí ò ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan mọ́lẹ̀. Orí òpó àwọn ńlá ni wọ́n ti ń ṣòwò. Mint àti Tello wà lórí T-Mobile, tó tilẹ̀ ra Mint pátá ní ọdún 2024. Visible jẹ́ ti Verizon. giffgaff wà lórí O2. Ẹ wò ó bí obìnrin tó ń ra iṣu ní Ọmùó lọ sí Èkó. Kò ní ọkọ̀, àyè ló háyà nínú ọkọ̀ ẹlòmíì. Kò ra táyà, kò sanwó awakọ̀, ó lè ta iṣu rẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ẹrù bá pọ̀, iṣu ọlọ́kọ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ kó, tirẹ̀ á dúró nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí pẹ̀lú dátà. Níbi tí èrò bá ti kún, bíi pápá bọ́ọ̀lù, oníbàárà ilé-iṣẹ́ ńlá ló sábà máa ń kọ́kọ́ kọjá, ti onípọ́ọ́kú á máa fà. Ọmọ tó ń lo fóònù nínú yàrá àti ní kíláàsì lè má mọ̀ ọ́n lára rárá.

Wọn ò sì ní ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ lè wọ̀ lọ ké gbàjarè bí irú tèmi yìí. Orí fóònù ni wọ́n ti ń yanjú gbogbo ẹ̀. Ti Mint tún jẹ́ pé owó rẹ̀ tó kéré jù wà fún ẹni tó bá san ti oṣù mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, oṣù mẹ́ta, mẹ́fà tàbí méjìlá, bí ìgbà tí èèyàn ra gàrí ní àpò. Bí ọmọ bá débẹ̀ tí òpó T-Mobile ò sí ládùúgbò rẹ̀ ńkọ́? Owó náà lè lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kó kọ́kọ́ ra ti oṣù kan, bíi ti Tello, kó gbọ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń dún nínú yàrá rẹ̀, kó tó san ti ọdún. Kó má sì ṣí i nílé níbí. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣí i.

Èyí tí àwọn òbí máa ń gbàgbé ni láìnì Nàìjíríà ọmọ náà, tí báńkì fi mọ̀ ọ́n. Bí fóònù rẹ̀ kò bá ní ihò, kó lọ yí láìnì yẹn sí eSIM ní ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó gun bàálù. NIN ni wọ́n máa béèrè, wọ́n sì lè ní kó tẹ ìka. Ta ló máa bá a tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ti wà ní Houston? Ẹ jẹ́ kó béèrè níbẹ̀ bóyá wọ́n ti ṣí róòmù, ìyẹn lílo láìnì wa lókè òkun, fún un, kó sì pa dátà róòmù kí káàdì rẹ̀ má bàa gbẹ. Òfin NCC ni pé bí láìnì bá lo oṣù mẹ́fà láìṣe ohun tó ń mówó wọlé fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, wọ́n lè tì í. Bó bá tún lo oṣù mẹ́fà mìíràn, nọ́ńbà náà lè di ti ẹlòmíì. Káàdì tó kàn jókòó sórí rẹ̀ ò tó. Kó máa pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀, ìyá náà ò ní bínú.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù wa, láti ìsinsìnyí lọ, fóònù kankan ò ní kúrò lórí tábìlì kí a tó tẹ *#06# lójú yín, kí a sì jọ wo Carrier Lock. Ẹni tó bá ra fóònù lọ́wọ́ wa, ọ̀fẹ́ la ó bá a fi eSIM sí i. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ wá láti ibòmíì á san ₦1,500. Lọ́jọ́ Jímọ̀, a ò ní fọwọ́ kan eSIM ẹnikẹ́ni lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Bí ẹ bá sì dé tí iná ò sí, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n tan jẹnẹrétọ̀ ná.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Káàdì, Òkèṣà, Adó-Èkìtì