Lẹ́tà sí àbúrò mi tí wọ́n fi ṣe akọ̀wé bàálù

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ó ti di ọjọ́ mẹ́rin tí o pè mí, ohùn rẹ kò tíì kúrò létí mi. "Bọ̀dá mi, ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n ṣe fún mi!" Mo gbọ́. Ẹ̀yin márùn-ún ni tíṣà Físíìsì kó pọ̀ pé kí ẹ fi bébà ṣe bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Ọmọkùnrin méjì gba jíjù, ẹnìkan gba yíya àwòrán, ẹnìkan gba kíká, wọ́n wá na ìwé àti bírò sí ìwọ: "Kọ ọ́ sílẹ̀." O bi mí bóyá torí pé o jẹ́ obìnrin ni. Ó ṣeé ṣe, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n kí o tó dá ìwé náà padà fún wọn, gbọ́ tèmi ná. Èmi ni mò ń ju bàálù nígbà tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ kan sì wà lọ́rùn mi tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. (Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ lẹ́tà yìí sí gbangba ni. Bóyá á dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ju tiyín.)

SS2 ni mo wà. Àwa náà jẹ́ márùn-ún. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí ìyá rẹ̀ jẹ́ télọ̀. Tépù ìyá rẹ̀ la fi ń wọn ibi tí bàálù bá balẹ̀ sí. Tépù télọ̀ kò sì ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Bí bàálù bá lọ mítà 9, ìgbà mẹ́fà ló máa tẹ́ tépù náà sílẹ̀, tí á máa fi eékún rìn lórí sìmẹ́ńtì gbọ̀ngàn, tí á sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A ò ràn án lọ́wọ́ rárá. Iṣẹ́ tiwa ni ká máa pariwo.

Bàálù wa ń hùwà bí ọ̀mùtí. Á gbé imú sókè, á dúró gbagidi bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ, á sì já lulẹ̀. Imú rẹ̀ ló fúyẹ́ jù. Bí imú bá gbé sókè jù, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó máa ṣàn geere lórí apá á já kúrò lára rẹ̀, apá kò sì ní lè gbé bàálù dúró mọ́. Bó bá wá jẹ́ pé ńṣe ló ń forí sọlẹ̀, etí ẹ̀yìn apá ni kí ẹ rọra tẹ̀ sókè, kó má ju ìnípọn hóró ìrẹsì lọ. Kí apá méjèèjì sì gbé sókè díẹ̀ láti ara, bí ọwọ́ ẹni tó ń sọ pé "kò kàn mí," kó má baà máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìwé A4 kan tí wọ́n kọ 80 sí ara páálí rẹ̀, gíráàmù 5 péré ni. Fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kílípù ìwé kan tí ẹ fi há imú rẹ̀ kó lè wúwo ti di ẹrù.

Àwa ò mọ ìyẹn nígbà náà. Ẹnìkan ń fi kílípù kún un, ẹnìkejì ń gé ìrù, èmi ń jù ú bí ẹni tó ń sọ òkò sí máńgòrò, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ télọ̀ yìí ló sọ pé: "Ẹ yí ẹyọ kan padà, ẹ jù ú lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn." A fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó sú wa, a ṣe é. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bàálù tó ń lọ mítà 4 ti ń lọ 9.

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa gba máàkì, àwọn SS3 dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, mo sì fẹ́ ṣe fáàrí lójú wọn. Wọ́n ti ti bàálù wa mọ́ inú láàbù. Ìwé ọmọbìnrin yìí wà lórí bẹ́ǹṣì, mo fa ojú ewé kan ya, mo ká a, mo jù ú. Ọyẹ́ ń fẹ́. Bàálù náà gòkè, ó ń rà bàbà bí àṣá, ó lọ bà sórí páànù gbọ̀ngàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọmọbìnrin náà dé, ó ṣí ìwé rẹ̀, kò pariwo. Ó kàn ní, "Ibẹ̀ ni mo kọ ibi tí kílípù wà sí."

Lọ́jọ́ kejì, kílípù ti bọ́ nínú láàbù. A méfò. Mo jù ú, ó forí sọlẹ̀. Mo sọ fún tíṣà pé bébà náà ni kò dáa. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Ní February 2012, ní Kalifóníà, bàálù oníbébà kan lọ mítà 69.14. John Collins ló ṣe é, Joe Ayoob, tó ti gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà rí, ló jù ú. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà nínú àkọsílẹ̀ Guinness, ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tó ta yọ lágbàáyé sí. Nígbà tí bàálù aláìlẹ́ńjìnnì àwọn Wright, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Amẹ́ríkà tó wá fi bàálù elẹ́ńjìnnì fò lẹ́yìn náà, já wọn kulẹ̀ lọ́dún 1901, ilé ni wọ́n padà sí, wọ́n kan àpótí tí fáànù ń fẹ́ atẹ́gùn sí, wọ́n dán nǹkan bí igba irú apá kéékèèké wò níbẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàálù ti 1902 ló wá gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu.

Torí náà, di ìwé rẹ mú. Ṣùgbọ́n má gbà kó jẹ́ ìwọ nìkan. Sọ fún wọn pé lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀, ìwọ lo máa jù ú, kí ajùbàálù kan sì fi eékún rìn. Bi tíṣà bóyá jíjìnnà ló ń wá tàbí pípẹ́ lókè, torí ọ̀tọ̀ ni apá tí ẹ máa gé fún ìkọ̀ọ̀kan. Takuo Toda ará Japan mú tirẹ̀ wà lófuurufú fún ìṣẹ́jú-àáyá 29.2 lọ́dún 2010. Ẹ ti fèrèsé, ẹ pa fáànù. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ dúpẹ́. Èyí tó bá já lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kọ òun náà sílẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń bẹ̀ ọ́ pé kí o má kọ ọ́.

Mo ti fi tépù rán Màmá wa sí ọ, irú tàwọn bíríkìlà, mítà 30 ni. Ìwé kan wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ le, wọ́n sì fi òwú rán an láàárín. Mo dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó sanwó: ojú ewé rẹ̀ kì í ya bọ̀rọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àlàó