Lẹ́tà Sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ìparí Táàmù Kejì

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ìnáwó ọmọ o, Olúwa á jẹ́ ká jèrè wọn. Èsì ìdánwò wà nínú báàgì wọn, ẹ sáìn ín. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa gbé ipò kejì. Àwọn tó ṣì jẹ wá lówó mọ ara wọn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ máńgòrò. Inú run àwọn ọmọ kan tó jẹ máńgòrò níléèwé, làwọn kan bá ní a fi kẹ́míkà bọ́ ọmọ olọ́mọ. Mo ka gbogbo ẹ̀ lórí WhatsApp, mo tún gbọ́ fóìsì nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́rin ọ̀hún. Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì wa, tí mi ò rí irú wọn rí látìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà, ń wá nǹkan tí wọ́n lè fi tọ́jú èso dípò ọ̀rá, torí gbogbo wa la mọ̀ pé máńgòrò Ogbómọ̀ṣọ́ kì í tíì dé Èkó tí ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ á ti domi. Alginate ni wọ́n lò, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń yọ lára ewéko òkun. Wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n kán glycerin sí i kó lè rọ̀, wọ́n ri máńgòrò bọ inú ẹ̀, wọ́n tún wá rì í bọ omi calcium chloride, irú iyọ̀ kan, ibẹ̀ ló ti ń dì di awọ tín-ín-rín tó ń dán. Máńgòrò tá a já ṣì ń mí o, awọ yẹn ló ń dín èémí ẹ̀ kù kó má baà tètè pọ́n. Tẹ́ ẹ bá jù ú sílẹ̀, ilẹ̀ á jẹ ẹ́, kò dà bí ọ̀rá tó dí gọ́tà wa. Alginate yìí kan náà wà nínú àwọn áísìkirimù kan tẹ́ ẹ̀ ń rà fáwọn ọmọ yín.

Èyí tó wọ awọ, a fi báírò kọ A sí i lára, èyí tí kò wọ nǹkan kan, B. Lọ́jọ́ kẹsàn-án A ṣì le, B ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ti dúdú nídìí, ó ń rùn bí ọtí. Ọmọ JSS 2 mẹ́ta gba fèrèsé wọlé, wọ́n jẹ mẹ́rin. Èèpo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tá a bá lábẹ́ tábìlì, B ló wà lára wọn. Èyí tó jẹrà ló run wọ́n nínú, kì í ṣe ewé òkun. Fèrèsé yẹn ò ní bọ́gílárì, ẹ̀bi wa nìyẹn, a ti fi sí i.

Owó sáyẹ́ǹsì á kúrò ní ₦1,500 di ₦2,500. Mo mọ̀ pé á dùn yín, ṣùgbọ́n wọn kì í ta alginate ní Sábó, ẹni tó bá lọ Ìbàdàn ló ń bá wa gbé e bọ̀. A ò ní yí i padà. Ẹni tó bá lọ́rọ̀ sọ, kó wá bá mi ní ọ́fíìsì.

Ọmọkùnrin tí ò bá gé irun ò ní wọlé ní táàmù kẹta o. Ẹ kú ìsinmi.

Ọ̀gá Iléèwé